Àwẹ̀ró Tó Pa Iná Ọba

Ààlọ́ o!

*Ààlọ̀!*

Àlọ́ mi gbéra, ó rìn létí òkun, ó tẹsẹ̀ bọ iyanrìn, ó yà sílé Àwẹ̀ró onífìtílà.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n jọ ń dàna, obìnrin kan wà létí òkun, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Òun, Omídìran ọkọ rẹ̀, àti ọmọbìnrin wọn ń fi ìkarahun òkun ṣe fìtílà tà. Ọmọ a ṣà á. Bàbá a fi òkúta gbo ó títí yóò fi máa dán. Àwẹ̀ró a rọ àdín sí i, a ti òwú bọ̀ ọ́, a ṣáná sí i. Iná rẹ̀ a mọ́ rekete.

*Ṣé ẹ rí i, Màmá?*

Ta ló bi ọ́? Gbọ́ àlọ́.

Èèwọ̀ kan wà nínú iṣẹ́ yẹn. Akàn kan wà tí kì í kọ́lé, ìkarahun tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ ló máa ń kó sí. Nítorí náà, kí ará ilé Àwẹ̀ró tó mú ìkarahun, wọn a fi èékánná kàn án, kó, kó, kó: "Àgò onílé o!" Wọn a wá dúró títí ìgbì kan yóò fi dé, tí yóò fi padà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọhùn, wọn a mú un. Bí onílé bá ní "Àgò yà," wọn a tọrọ àforíjì, wọn a bá tiwọn lọ.

Ó di ọjọ́ kan, ọba ránṣẹ́: "Ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ. Bí fìtílà rẹ bá kún àgbàlá mi, etí òkun di tìrẹ títí ayé. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú kí àsè tó parí, máa wá ibòmíràn lọ."

Inú bí Àwẹ̀ró. "Ṣé wọ́n rò pé fìtílà ń hù lára mi bí irun ni?"

Òkété, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí kì í yọjú àfi tí ọbẹ̀ bá jinná, ló gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ.

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Ọkọ rẹ kékeré dé."

"Ọkọ mi, ẹ ó kànkùn o?"

"Èmi Òkété? Odindi ọmọlúàbí!"

Lóòótọ́ ló kànkùn. Kó, kó, kó, "Àgò onílé o!" Ṣùgbọ́n kí onílé tó la ẹnu, Òkété ti há ohùn rẹ̀ mọ́ imú: "A ò sí nílé o!" Ó sọ ìkarahun sínú apẹ̀rẹ̀, gbàù. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí apẹ̀rẹ̀ fi kún.

*Ẹni tí kò sí nílé ló ń dáhùn?*

Ẹ bá mi bi í!

Nígbà tó gbé ẹrù dé, Àwẹ̀ró ní, "Ṣé ẹ dúró gbọ́ èsì?"

"Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ò sí nílé."

Iṣẹ́ ti wọ Àwẹ̀ró lọ́rùn, kò ro ọ̀rọ̀ yẹn wò. Omídìran gbo wọn, àwọn akàn ká jọ sí ìsàlẹ̀ ilé wọn, ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n mí.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Oòrùn wọ̀, wọ́n tan fìtílà, àgbàlá ọba mọ́lẹ̀ yòò. Àwọn àna ń pariwo pé irú èyí ò sí rí. Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni, ni ìkarahun bá gbóná. Ni fìtílà kan bá dìde.

*Ó dìde?*

Ó dìde, ó ń rìn! Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀kan wọ abẹ́ ìjókòó ìyá ọkọ, ọ̀kan gun àwo iyán, ọ̀kan gba ẹ̀yìn agbádá olóyè kan. Olóyè fò sórí àpótí: "Ẹ gbà mí! Iná ń lé mi bọ̀!"

Ọba bú ramúramù: "Ẹ fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀! Iná ò gbọdọ̀ kú!"

Ni ohùn tín-ín-rín bá ń jáde lábẹ́ iná. Ẹ gbè é:

Àwẹ̀ró o, Àwẹ̀ró!
*Kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́ ẹsẹ̀ akàn.*
Ilé wa lo tanná sí,
*Kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́ ẹsẹ̀ akàn.*
Iná ń jó wa nídìí o,
*Kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́ ẹsẹ̀ akàn.*

Ó wá yé Àwẹ̀ró pé onílé wà nínú ìkarahun. Ó dìde. Omídìran fa ìró rẹ̀ mú: "Etí òkun ni o! Kí la óò máa jẹ?"

"Bàbá ọmọ mi, ẹ fi mí sílẹ̀."

Fùú! Ó fẹ́ ọ̀kan pa. Fùú! Ó fẹ́ ìkejì. Ó ń fẹ́ wọn pa kiri títí àgbàlá ọba fi ṣókùnkùn biribiri.

"Ta ló pa iná mọ́ mi lójú?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Òkété ló purọ́ fún mi pé onílé ò sí nínú wọn. Ẹ gba etí òkun yín. Mi ò lè sun onílé mọ́lé nítorí kí àna yín lè rí ẹran inú ọbẹ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ sọ nínú òkùnkùn, ti olorì àgbà ni.

"Kábíyèsí, ẹni tó pa iná ọba nítorí akàn, ṣé irú rẹ̀ ló máa ba òkun yín jẹ́? Ta lẹ tún fẹ́ fi etí òkun lé lọ́wọ́? Òkété?"

Ọba fẹ́ fèsì, ó bá ké: "Yéè! Etí òkun di tirẹ̀! Kó ṣáà wá já akàn rẹ̀ kúrò lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ mi!"

Òṣùpá yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Àwọn akàn na ọwọ́ wọn tó dà bí ẹ̀mú, wọ́n ń wá Òkété kiri ìlú. Ó sá, ó gbẹ́ ihò, ó tún dá ojú ihò kan sí ẹ̀yìn kó lè gba ibẹ̀ sá. Inú ihò náà ló wà dòní. Akàn tí ara rẹ̀ bá sì tóbi ju ilé rẹ̀ lọ, etí omi ló ń fi ilé àtijọ́ sílẹ̀ sí, kí ọmọ Àwẹ̀ró lè rí i mú láìjà láìta.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá bi onílé léèrè, ẹ jẹ́ kí onílé fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ohun olóhun, bó ti wù kí ojú máa kán wa tó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ibi tí àdín àlọ́ mi gbẹ sí rèé. Bí mo bá bu irọ́ là á, kí akàn gé mi létè; bí n kò bá sì purọ́, kí ètè mi ró pó, pó, pó.

*Pó! Pó! Pó!*