Ẹja Àlejò Inú Omítútù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé oorun ti ń kùn yín ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi já pàtì, ó bọ́ sórí Ajíṣafẹ́, apẹja ìlú kan lórí òkè.

Odò wọn ń jẹ́ Omítútù. Ẹja ẹ̀pìà wẹ́wẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń yan gbẹ, tí wọ́n fi ń la ìyàn ìgbà òjò já. Àmọ́ Ajíṣafẹ́ ń fẹ́ ẹja tó máa bá a wọ̀yá ìjà. Ó ní, "Ẹ̀pìà yìí ò lágbára, bí ẹni ń fa ewé ni!"

Ló bá lọ sí odò ńlá ìsàlẹ̀, ó kó ọmọ ẹja àrọ̀ sínú ìkòkò.

Wàyí o, ẹja ibòmíràn kì í wọ Omítútù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bá ẹ̀pìà gbé inú ìkòkò kan láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀, níṣojú Ìyá Ojúọlápé, olùṣọ́ odò. Tí ẹ̀pìà bá dín, àlejò á padà. Ajíṣafẹ́ mọ̀. Kó tó débẹ̀, ó ti fi ekòló bọ́ àwọn àrọ̀ yẹn yó bámúbámú. Olóríburúkú!

Ìyá wo ìkòkò. Ó tún un wò.

"Ajíṣafẹ́, ẹnu ẹja yìí fẹ̀ jù."

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ìyá mi."

"Ikùn rẹ̀ ńkọ́, tó rí róbótó?"

"Ẹ̀yin náà, ìyá! Ara tó dá ṣáṣá ni."

Ìyá fa àpótí, ó jókòó tì í, ó ń kọrin. Ẹ gbè é dáadáa:

Ẹja àlejò, kí lo wá jẹ?
*Ṣọ́ ọ, ìyá, ṣọ́ ọ!*
O nírùngbọ̀n, o ò dàgbà,
*Ṣọ́ ọ, ìyá, ṣọ́ ọ!*
O dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ̀rù ń bà mí,
*Ṣọ́ ọ, ìyá, ṣọ́ ọ!*

Oòrùn wọ̀. Ẹ̀pìà pé. Ọkàn ìyá ò balẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ti sọ tirẹ̀. Wọ́n da àrọ̀ sódò, ṣàù!

Àrọ̀ dàgbà. Ó ń fa ìwọ̀ gìrìgìrì, Ajíṣafẹ́ ń gbé e káàkiri, ìlú ń pàtẹ́wọ́. Ìyá ò pàtẹ́wọ́. Láràárọ̀ ló ń lọ sétí omi:

Ẹja àlejò, kí lo wá jẹ?
*Ṣọ́ ọ, ìyá, ṣọ́ ọ!*

Nígbà tó kù díẹ̀ kí òjò dé, àwọn obìnrin ju àwọ̀n sódò láti kó ẹ̀pìà tí wọn yóò yan. Àwọ̀n jáde, omi ń kán tó, tó, tó. Ẹ̀pìà kan ò sí. Igbe ta!

Wọ́n gbọ́n ibú, wọ́n pa gbogbo àrọ̀ tí wọ́n rí. Wọ́n la inú ọ̀kan, àrọ̀ kékeré ló wà níbẹ̀. Àwọn àrọ̀ ti ń jẹ ara wọn. Àwọn ará ìlú wá tọrọ ẹ̀pìà mìíràn ní ìlú kejì, wọ́n fẹ́ dà á sómi.

Ìyá ní, "Ẹ dúró ná." Ó fi ọ̀pá gún ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ mì. Àrọ̀ ṣì ń bẹ nísàlẹ̀, wọn ò lè da ẹ̀pìà sí i mọ́.

Ajíṣafẹ́ bú sẹ́kún. "Ìyá, ẹ foríjì mí. Mo ti bọ́ wọn yó kí n tó gbé wọn wá."

"Háà! Ẹja tó yó ni mo ń ṣọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀?" Ó dùn ún wọra. Lọ́dún yẹn, ọmọ Ajíṣafẹ́ àti ọmọ gbogbo ìlú, iyọ̀ lásán ni wọ́n fi jẹ ẹ̀kọ.

Àlọ́ mi gúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹ má bi mí pé kí ló kù. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: ẹ má fi ìwà ọjọ́ tí àlejò yó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ebi pa á ná, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.