Ọkọ̀ Pupa Adégbìtẹ́

Adégbìtẹ́ Ṣówándé, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta, ní ọkọ̀ kan tó fẹ́ràn bí ẹyinjú. Ọkọ̀ asáré ayé àtijọ́ ni, pupa, oníjókòó méjì, tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Òun ló fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àìsàn fẹ́ mú obìnrin náà lọ, ó ní, "Bàbá Mórẹ́nikẹ́, ọkọ̀ yìí náà ni kẹ́ ẹ fi gbé ọmọ wa lọ ṣègbéyàwó o." Adégbìtẹ́ ṣèlérí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Mórẹ́nikẹ́ ṣègbéyàwó ni Olóyè Ṣódípẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá Adégbìtẹ́, gbé ọkọ̀ asáré tirẹ̀ dé. Dúdú ni, ó ń dán gbinrin, ó sì lókìkí ju pupa lọ.

"Gbìtẹ́, jẹ́ ká ṣe pààrọ̀. Èyí ló yẹ ọmọ rẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkàn rẹ̀ fi pín sí méjì. Bó bá wo pupa, a rántí ìyàwó rẹ̀. Bó bá rántí dúdú, itọ́ a yọ lẹ́nu rẹ̀. Ojúkòkòrò ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú Làmídì mẹkáníìkì dání lọ sílé Olóyè. Bí Làmídì ṣe nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Olóyè fajú ro.

"Èmi tí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ! Èmi lo fẹ́ yẹ nǹkan wò lọ́wọ́ rẹ̀ bí olè?"

Ojú ti Adégbìtẹ́, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Làmídì, fi sílẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kàn..."

"Mo ní fi sílẹ̀!"

Wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, dúdú gun òkè tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdajì, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Èéfín bo Mórẹ́nikẹ́ tòun taṣọ funfun. Ọjọ́ yẹn ni Adégbìtẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà: ẹ́ńjìnnì ti sán tipẹ́, wọ́n kàn fi àtè lẹ̀ ẹ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí pupa fi ń bọ̀. Olóyè ká òrùlé sẹ́yìn, ó ń lọ síbi ìgbéyàwó kan náà. Ó juwọ́ sí wọn, kò dúró.

Mórẹ́nikẹ́ wo ọkọ̀ ìyá rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ́nà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa rìn, Bàbá."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo àdúgbò ló jáde wò wọ́n, Adégbìtẹ́ ò sì lè gbórí sókè.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà òkè náà fi ń pa á lówe títí dòní pé: ẹni tójú tì láti ṣí i wò, kó má tijú àtifẹsẹ̀ rìn.