Eérú Inú Àjà

"Obìnrin wo ló kọ́lé láyé ìgbà yẹn?" Ajíbóyè ní bàbá òun àgbà, tó jẹ́ ọdẹ, ló kọ́ ilé ìdílé náà. Ìyá Dúrósinmí, ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú ilé náà, ní ìyá òun àgbà, tó jẹ́ aláró, ló kọ́ ọ.

"Tí a bá pààrọ̀ àjà tán, ẹ kó ẹrù yín jáde!" Ajíbóyè já dígà gbà lọ́wọ́ káfíńtà, ó fi gún àjà amọ̀ àtijọ́ náà.

Amọ̀ àti eérú ya bò ó. Fìlà funfun rẹ̀ di aláwọ̀ aró.

Káfíńtà bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Eérú ìdí ìkòkò aláró ni wọ́n fi po amọ̀ yìí! Ọ̀gá Ajíbóyè, ṣé ọdẹ yín máa ń rẹ aṣọ láró ni?"

Ìyá Dúrósinmí rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ajíbóyè, lọ gbọn fìlà rẹ síta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ilé mi ni."