Ife Kọfí Ẹtà

Àlọ́ o! Àlọ́ mi ti dé ẹnu ọ̀nà!
Ààlọ̀! Kó wọlé, a ti tẹ́ ẹní dè é!

Ẹtà ló ń se kọfí tà nínú igbó, ife kan ní owó ẹyọ kan. Nígbà tó yá, Ọ̀bọ rí owó ẹyọ létí odò, ó sì ń kó o wálé lápò-lápò. Owó kún ọwọ́ gbogbo ẹranko. Ife kọfí di ẹyọ mẹ́ta, ó di mẹ́wàá.

Ehoro àgbẹ̀ pariwo: “Ẹtà, ojúkòkòrò rẹ pọ̀!”

Ẹtà nàró ṣánṣán. “Kọfí ìyá mi rèé, n ò bomi là á rí! Èló ni ife àgbàdo tìrẹ?”

“Ẹyọ mẹ́wàá.”

“Tẹ́lẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹyọ kan.”

“Gbé àgbàdo wá, kí o gba kọfí. Ife kan sí ife kan, bíi ti àtijọ́!”

Ẹtà wá kọrin, ẹ bá mi gbè é:
Ife mi ò yí padà o —
Owó ló fúyẹ́!

Ehoro, tòun ti kọfí lọ́wọ́, ló gbè é sókè jù.