Kọ́kọ́rọ́ Ilé Tó Wà Lọ́wọ́ Erin

"Màmá, bí ilé yìí bá jẹ́ tiwa lóòótọ́, kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ Erin?"

Ìpére, àbíkẹ́yìn Ìyá Ìgbín, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ìbéèrè náà jáde. Ó bi Ọ̀yà, aládùúgbò wọn. Ẹ̀rín ni Ọ̀yà fi dá a lóhùn. Ó bi Ehoro. Ehoro ní ẹnu ọmọ náà ti mú jù.

Nígbà láéláé, kí Erin tó di onílé gbogbo igbó, kálukú ló ń kọ́ ilé tirẹ̀. Àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí, ilé Ọ̀yà, lọ́la, ilé Ìgbín. Ẹni tó bá rí ọgbọ́n tuntun nídìí òrùlé a pe gbogbo ẹgbẹ́ wá wò ó. Ẹlòmíràn a tún un ṣe kó dáa sí i, a sì fi han àwọn yòókù.

Ni Erin, aláàánú gbogbo ayé, bá dé.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, wàhálà kí lèyí? Èmi yóò kọ́lé fún gbogbo yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà fi àmì sí ewé yìí."

Ewé náà gùn láti ìdí ìrókò dé etí odò. Ta ló ráyè kà á? Ìyá Ìgbín ní oúnjẹ ọmọ lórí iná. Kò lọ́wọ́ tí yóò fi tẹ̀ ẹ́, ó fi itọ́ sí i.

Ilé Erin mà dùn-ún gbé o! Ẹ óò sùn, ẹ óò jí, ẹ óò rí i pé ilẹ̀kùn ti lọ sí ẹ̀yìn ilé. "Mo ti sọ ilé yín di ọ̀tun," ni Erin yóò wí, bí ẹni pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Bí òrùlé bá ń jò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Erin ni wọn yóò dúró dè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ́lé.

Ibẹ̀ ni nǹkan dé nígbà tí Ìpére béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìpére wúkọ́. Ìyá rẹ̀ sọ sí i létí pé òun yóò wá àgbo fún un. Kò tíì gbẹ́nu kúrò létí ọmọ tí alágbo mẹ́ta fi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Erin ni, Ìyá. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí etí rẹ̀ ti tóbi tó!"

Ọ̀yà ní, "Ìyá Ìpére, ẹ̀rù ń bà yín jù. Àbí ẹ ní nǹkan tí ẹ ń fi pamọ́ ni?"

"Mo ní," ni Ìyá Ìgbín dáhùn. "Ọmọ ni."

Nígbà náà, Ìgbín ń sáré bí Ehoro. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń lọ pọn omi, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sáré padà sílé. Ó bá Àṣá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní èékánná.

"Ta ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi?"

"Erin ni. Ó ní ẹ máa ń lọ sódò lọ́sàn-án, ọmọ nìkan ló máa ń wà nílé. Àlàyé rẹ̀ kún dáadáa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá Ìgbín gba abẹ́ ìyẹ́ Àṣá wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Erin. Erin tẹ́ ewé gígùn náà sílẹ̀.

"Ẹ wo ìlà ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rin, Ìyá. Ẹ gbà pé mo lè fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kọ́kọ́rọ́. Itọ́ yín rè é."

Ìyá Ìgbín kò bá a jà. Ó wá efun lọ. Ó rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nígbà àáró, ó fi itọ́ po efun náà, ó ń mọ ọ́n yí po, yí po, títí ó fi di ilé. Kò fẹ́ fi ilé náà sílẹ̀ níbì kankan mọ́, ó bá gbé e pọ̀n tọmọtọmọ.

"Ẹ wá kọ́ ọ o! Kò sí àṣírí níbẹ̀!"

"Kò ní fèrèsé," ni Ehoro wí.

"Ó ti wúwo jù. Ọ̀fẹ́ ni tèmi," ni Ọ̀yà wí. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Erin ń yọ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìṣáwùrú, ìbátan wọn létí odò, nìkan ló wá. Ó kọ́ ọ, ó tún un ṣe kó lè gba inú omi, ó sì padà wá fi han Ìyá Ìgbín.

Láti ọjọ́ náà ni Ìgbín ti ń gbé ilé rẹ̀ kiri, tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó sì ń fi efun dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, Àṣá dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó yí ilé náà ká, kò rí ihò tí yóò ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ̀.

"Màmá," ni Ìpére wí nínú, "ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí?"

"Ilé wa kò ní kọ́kọ́rọ́, ọmọ mi. Inú la ti ń tì í. Sùn."

Ìpére sùn. Ìyá rẹ̀ tẹ́tí títí tó fi gbọ́ tí Àṣá fò lọ. Ó tún tẹ́tí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni òun náà sùn.