Kújọrẹ́ Jí Ẹ̀rín Gbé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó rá gẹ̀rẹ̀, ó lọ balẹ̀ gbì sí àgbàlá Kújọrẹ́ olówó. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹni tí kò bá ní í gbe orin, kó tètè lọ sùn.

Kújọrẹ́ ní ẹran lágbo, ó ní iṣu lábà, ó sì ní aṣọ nínú àpótí débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti gbàgbé bí oòrùn ṣe rí. Ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ ra dígí ńlá kan pé kí ilé òun lè dùn. Nígbà tó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ńṣe ló kọ ojú dígí náà sí ògiri.

Ìgànná kan ṣoṣo ló wà láàrin òun àti ilé Àkànjí àti ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró. Òtòṣì ni àwọn wọ̀nyí o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Aṣọ tí Àwẹ̀ró fi ń ròde náà ló fi ń bora sùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà kò lè fi nǹkan sílẹ̀ láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Aró tí àwọn aláró bá fẹ́ dà nù, á lọ tọrọ rẹ̀, á fi ya ẹja àti aláǹgbá sára ògiri. Bí igbá bá là, á fi òwú pupa rán an. Bó bá gbálẹ̀ tán láàárọ̀, á fi ìgbálẹ̀ ya ilà sí gbogbo àgbàlá, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa fo ilà náà kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, wọn á jẹ ẹ̀kọ tán, wọn á tẹ́ ẹní síta, orin á bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbè é fún mi:

Lílé: Oòrùn wọ̀, a délé o
Ègbè: Tẹ̀rẹ́-tẹ̀ǹté
Lílé: Ẹ̀kọ tútù la rí jẹ
Ègbè: Tẹ̀rẹ́-tẹ̀ǹté
Lílé: Òṣùpá là, a ò rà á
Ègbè: Tẹ̀rẹ́-tẹ̀ǹté
Lílé: Ẹ bá wa rẹ́rìn-ín, ọ̀fẹ́ ni
Ègbè: Tẹ̀rẹ́-tẹ̀ǹté

Ẹ̀rín á bú, kèé-kèé-kèé! Àkànjí ní tirẹ̀, bó bá ń rẹ́rìn-ín, ńṣe ló máa ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, gbì, gbì, gbì.

Lẹ́yìn ìgànná, Kújọrẹ́ á dá ọwọ́ oúnjẹ dúró. Ẹran á korò lẹ́nu rẹ̀. Kí ni àwọn aláìní wọ̀nyí ní tí òun kò ní? Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ̀kọ lásán kó máa rẹ́rìn-ín báyẹn láìlo oògùn.

Lọ́jọ́ kan, ó dọ́gbọ́n lọ fọn iná nílé wọn. Ojú rẹ̀ ń wá inú ilé kiri, wìrìwìrì. Ó bá rí nǹkan kan tó rọ̀ sókè ààrò. Ó dúdú kirikiri, wọ́n fi àkísà dì í, wọ́n fi okùn so ó. Kújọrẹ́ ní, "Oògùn ẹ̀rín rèé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbàdo ni o. Irúgbìn àgbàdo ni Àwẹ̀ró so kọ́ sínú èéfín kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, àkísà yẹn ló sì dì í mọ́ kí eku má bàa rí i. Ọmọ àgbẹ̀ wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Kújọrẹ́ ni kò mọ̀, nítorí láti kékeré ló ti ń jẹ ohun tí ẹlòmíràn gbìn. Ìyẹn nìkan sì ni irúgbìn tó kù fún Àwẹ̀ró àti ọkọ rẹ̀. Òjò ti ń ṣú. Bó bá sọnù, kò sí ohun tí wọn yóò gbìn, ebi ni yóò sì máa pa àwọn ọmọ wọn títí di ọdún kejì.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ sí odò, Kújọrẹ́ yọ́ wọlé, yọ́, yọ́, yọ́. Ó gun orí àpótí, ó já kinní náà, ó kì í bọ abẹ́ agbádá, ó di ilé. Ó gbé e kọ́ sókè ibùsùn rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí ẹ̀rín. Ẹ̀rín kò dé. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sín. Ẹ̀rín kò dé. Ìgbà náà ló rántí pé kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀, òun kò sì mọ èèwọ̀ eléyìí. Ta ni yóò sọ ọ́ fún un bí kò ṣe ẹni tí òun jí i gbé lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwẹ̀ró ti odò dé, ó wo òkè ààrò, okùn lásán ló rí. Ó jókòó sílẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí Kújọrẹ́ fi wọlé, tó ń kí i ṣáá bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àwẹ̀ró gbójú sókè. Dúdú èéfín ààrò wà lára fìlà funfun ọkùnrin náà, ó tún wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Àwẹ̀ró fi etí aṣọ nu ojú.

Kújọrẹ́ ní, "Ìyàwó wa, ọ̀rẹ́ mi kan ní ìlú kejì ló rí oògùn ẹ̀rín he, kò wá mọ èèwọ̀ rẹ̀. Mo ní bóyá ìwọ á mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, Bàbá Ọlọ́lá ni Àwẹ̀ró máa ń pè é. Ó ní, "Bàbá Ọlọ́lá, ẹ kú àníyàn ọ̀rẹ́. Oògùn yẹn kì í gbé inú ilé, ilẹ̀ ni í gbé. Ẹ ní kó tú u, á bá èso nínú rẹ̀."

"Èso bíi ti kí ni?"

"Ó máa ń jọ àgbàdo lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kó kọ ebè, kó gbìn ín ní òjò àkọ́rọ̀, kó máa ro ó, kó máa kọrin sí i, kó sì máa lé ẹyẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi ṣe é o. Bó bá bẹ ẹlòmíràn níṣẹ́, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn."

Kújọrẹ́ họ orí, ó ní ọ̀rẹ́ òun kò ní oko. Àwẹ̀ró ní kò burú, kó lo oko tí àwọn ní létí odò, àwọn kò kúkú ní nǹkan tí àwọn yóò gbìn síbẹ̀ mọ́. Kújọrẹ́ dúpẹ́, ó jáde. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti jí oògùn, òun tún gba ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀lẹ ayé, ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù.

Ẹ wá wo olówó lóko. Ọkọ́ ń ró, fìù, fìù. Òógùn ń bọ́, tó, tó, tó. Ẹ gbe orin rẹ̀ dáadáa:

Lílé: Oòrùn là, mo dóko o
Ègbè: Tẹ̀rẹ́-tẹ̀ǹté
Lílé: Ọkọ́ bó mi lọ́wọ́ o
Ègbè: Tẹ̀rẹ́-tẹ̀ǹté
Lílé: Èso ẹ̀rín, tètè hù
Ègbè: Tẹ̀rẹ́-tẹ̀ǹté
Lílé: Má hù fún Àwẹ̀ró o
Ègbè: Tẹ̀rẹ́-tẹ̀ǹté

Ní ìrọ̀lẹ́, á yà sílé wọn láti béèrè èèwọ̀ tó kù. Á ní ọ̀rẹ́ òun sọ pé ó ti yọ ewé o, kí ló kàn? Àwẹ̀ró á ní kí ọ̀rẹ́ náà jókòó sórí ẹní kó wo òṣùpá. Kújọrẹ́ á jókòó, á wò ó. Àwọn ọmọ á ti ẹ̀kọ sí i níwájú, á jẹ ẹ́. Ó yà á lẹ́nu pé ó dùn, ó sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi sí i. Wọn kò fi nǹkan kan sí i, iṣẹ́ oko ló bá wọn fi iyọ̀ sí i. Ó tún rí aláǹgbá kan lára ògiri tó dé fìlà funfun. Ó béèrè ta nìyẹn, Àwẹ̀ró ní aláǹgbá lásán ni.

Àgbàdo gbó. Kújọrẹ́ kó o kún agbọ̀n dẹ́nu, ó gbé e rù, ó sáré délé Àwẹ̀ró. Ó ti gbàgbé ọ̀rẹ́ ìlú kejì pátápátá. Ó ní, "Ìyàwó wa, oògùn mi ti so."

Àwẹ̀ró bó o, ó kó o síná. Ó ń ta, pá, pá, pá. Ó fọ́ àgbọn sí i, ó bù ú fún Kújọrẹ́. Kújọrẹ́ jẹ ẹ́ títí ó fi dé irùngbọ̀n. Nígbà náà ni obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Bàbá Ọlọ́lá, àgbàdo ni. Irúgbìn wa tí ẹ jí ni. Ẹ ti bá wa gbìn ín, ẹ ti bá wa ro ó, ẹ sì ti bá wa rù ú délé. Ẹ kú iṣẹ́."

Àkànjí fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú. Kújọrẹ́ dìde, ìtìjú bò ó, ó la ẹnu láti bú wọn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó. Ó wo agbọ̀n tó fi orí ara rẹ̀ rù wá.

Kèé!

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Kújọrẹ́ yí padà pé kí òun mọ ẹni náà. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀rín náà tún bú, kèé-kèé-kèé, títí ó fi jókòó sílẹ̀, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ wọ́n tọkọtaya pé kí wọ́n foríji òun. Wọ́n foríjì í. Àwẹ̀ró kàn ní ó ku oko kan lẹ́yìn odò tí àwọn ò tíì ro.

Ẹ gbọ́ ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa. Ayọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jí, kì í sì í ṣe ohun tí à ń tì mọ́ àpótí. Ohun kékeré tó wà lọ́wọ́ ẹni, bí a bá tọ́jú rẹ̀, tí a sì bá ẹlòmíràn jẹ ẹ́, á dùn. Ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan, kí ẹ má bàa fi ẹ̀yìn yín san án lórí ebè.

Àlọ́ mi ti rìn dé ìloro, ó ti ká ẹní rẹ̀. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí eyín mi má lè fọ́ àgbọn mọ́.