Okùn Oníkókó Níbi Òkú Ọdẹ

Mo fi ìka kan ahọ́n, mo nà án sókè: òótọ́ ni ìtàn yìí. Ó dáa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òótọ́.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń sun ìjálá níbi òkú ọdẹ, ṣùgbọ́n kò wọ igbó rí. Ẹnu ọ̀gá rẹ̀ ló ti gbọ́ bí erin ṣe rí. Ó ní okùn kan tó ta ní kókó. Bó bá ń sun ìjálá, á máa fi ìka tọ kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kan má baà gùn ju èkejì lọ. Ó ní àwọn àgbà ló fi òfin náà lélẹ̀, pé ará oko ni ẹni tó bá rú u.

Ọdẹ́jọbí ọdẹ wá kú. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pe ọkùnrin yìí. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń wá: kí wọ́n ki ọkọ òun, kí ọkọ òun sì mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń pè, kó tó wọ ọ̀run.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran.

"Akọni tó ga bí ìrókò, eléyín funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú..."

Àwọn èèyàn ń mi orí. Ẹnikẹ́ni ò sunkún. Ajá olóògbé pàápàá yán, ó sùn lọ.

Ọkọ obìnrin yìí kúrú. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu rẹ̀. Opó náà rí i pé bí òun bá dákẹ́, ọkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò sin. Ó dìde, ó ké, bí àṣà ti gba gbogbo ẹni tó bá gbọ́ irọ́ nídìí ìjálá láyè:

"Irọ́ lo pa! Ọkọ mi ò rí bẹ́ẹ̀. Ta lò ń kì?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ó ku kókó mẹ́jọ péré."

"Lọ fi kókó rẹ so ewúrẹ́! Mi ò ní jókòó."

Ó bá gbẹ́nu lé e fúnra rẹ̀:

"Ọkọ mi kúkúrú tó ń gun àpótí kó tó lè gbé ìbọn kọ́ àjà,
Eléyín mẹ́ta tó jẹ egungun ẹfọ̀n, tó ní kò le,
Tó máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí n lè mọ̀ pé òun ló dé.
Wúkọ́, kí n gbọ́."

Àwọn àgbà ọdẹ ṣí fìlà, wọ́n bú sẹ́kún. Ajá jí, ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà rọra ká okùn rẹ̀ sápò.

Ìwọ akéwì tí ò ń wo ẹnu ọ̀gá rẹ dípò ojú ẹni tí ò ń kì, ìwọ ni mò ń bá wí. Lọ wo erin. Lọ ka eyín. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn ju okùn lọ, okùn ni kí o jù nù.

Ajá yẹn, èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ọdẹ tí kò ní ajá ni Ọdẹ́jọbí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ikọ́ yẹn, n kò fọwọ́ kàn án.